Egbò iná tí kò sí níbi tí wọ́n ti là wọ́n: ta ni yóò dáhùn fún un?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Wọ́n yọ ilé ọmọ màmá mi nítorí iju ní ilé ìwòsàn ìjọba kan nílùú Èkó. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí mo fẹ́ pààrọ̀ aṣọ fún wọn, mo rí egbò kan lára itan wọn ọ̀tún. Ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, etí rẹ̀ kan gún régé bíi pé wọ́n fi rúlà fà á, àárín rẹ̀ funfun, wọn ò sì mọ̀ ọ́n lára bí mo ti ń fọwọ́ kàn án. Nọ́ọ̀sì kan ní egbò ìdùbúlẹ̀ ni. Dókítà ní yóò jiná. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí, kò jiná. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní sípírítì tí wọ́n fi nu ara màmá ló gbiná, ó sì fẹ́ kó ọlọ́pàá lọ bá wọn. Màmá ní ká fi ìjà fún Ọlọ́run jà, pé àwọn ti fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó gbé àwọn wọlé. Ṣé a lẹ́jọ́? Ta ló jẹ̀bi?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá o, Ọlọ́run yóò wò wọ́n sàn. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn ló kọ́kọ́ gbé mi lọ́kàn sókè. Ẹni tó bá fara pa nílé ìwòsàn aládàáni ní Èkó ní ọdún mẹ́ta láti pẹjọ́. Ẹ̀yin ò ní ọdún mẹ́ta. Ilé ìwòsàn ìjọba lẹ lọ, òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba kò sì fún yín ju oṣù mẹ́ta lọ, láti ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Bí ìdajì rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Lóòótọ́, òfin náà ní àyọkúrò tiẹ̀, pàápàá níbi tí ìpalára bá ṣì ń bá a lọ, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn tù yín nínú. Agbẹjọ́rò ìjọba ni yóò kọ́kọ́ dìde ní kóòtù láti sọ pé àkókò ti kọjá, àìmọye ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ló sì ti kú síbẹ̀ láìjẹ́ pé adájọ́ wo egbò náà rárá.

Nọ́ọ̀sì tíátà ni mo ṣe kí n tó lọ kọ́ iṣẹ́ òfin. Mi ò rí itan màmá lójú, ṣùgbọ́n bí ẹ ti ṣàlàyé rẹ̀ yẹn, ó fara jọ ohun kan tí gbogbo ará tíátà mọ̀.

Ẹ̀rọ tí à ń pè ní dáyátámì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ. Okùn kan so mọ́ ọn, irinṣẹ́ kan tó dà bíi bírò sì wà lẹ́nu okùn náà. Òun ni oníṣẹ́ abẹ fi ń gé ẹran ara, òun náà ló fi ń dí ojú iṣan tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe nǹkan tuntun: ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1926 ni Harvey Cushing ti lo èyí tí William Bovie ṣe fún iṣẹ́ abẹ orí ní Boston, láti ìgbà náà ló sì ti gba gbogbo ayé kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé irin gbígbóná ni. Rárá o, iná mànàmáná ni, ó sì ń gba inú ara aláìsàn kọjá. Iná ilé wa ń yí padà nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdí nìyẹn tó fi ń gbé èèyàn. Ti dáyátámì ń yí padà ju ìgbà 300,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà, eré tí iṣan ara ò lè bá sá. Kò gbọn èèyàn, kò dá ọkàn dúró. Ooru ló ń fi sílẹ̀ níbi tó bá ti há.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ dì mú. Iná tó bá ti ẹnu bírò wọ ara gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà sínú ẹ̀rọ. Ọ̀nà náà ni pléètì, páálí rírọ̀ fífẹ̀ kan tó ní jẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ itan tàbí ìdí aláìsàn. Iye iná kan náà ló ń gba ẹnu bírò wọlé tó sì ń gba pléètì jáde. Kí ló dé tí ọ̀kan fi ń jó ẹran tí èkejì kò sì ṣe nǹkan kan? Bí ẹni tó sanra bá fi sílípáàsì pẹlẹbẹ tẹ̀ yín lẹ́sẹ̀, ẹ ó fara dà á; bí ẹni kan náà bá fi gìgísẹ̀ bàtà gogoro tẹ̀ yín, ẹ ó figbe ta. Ẹnu bírò ni gìgísẹ̀ gogoro, pléètì ni sílípáàsì.

Wàhálà dé nígbà tí pléètì bá di gìgísẹ̀. Bí ìdajì rẹ̀ bá ṣí nígbà tí wọ́n ń yí aláìsàn, bí jẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bá ti gbẹ, bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ sórí irun, sórí egungun tàbí sójú àpá àtijọ́, bí omi ìfọra bá ṣàn wọ abẹ́ rẹ̀, gbogbo iná yóò kóra jọ síbi kékeré tó ṣì lẹ̀ mọ́ ara. Ibẹ̀ ni yóò jó. Aláìsàn ò ní ké: yálà ó ti sùn, tàbí wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn, tí kò mọ nǹkan kan láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ abẹ sì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀rọ ìgbàlódé mọ èyí. Pléètì tirẹ̀ pín sí méjì, ẹ̀rọ náà sì ń fi apá méjèèjì wọ̀n bó ṣe lẹ̀ sí. Bó bá rí i pé ó ti ń ṣí, yóò ké, yóò sì pa ara rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1981 ni irú rẹ̀ ti wà lọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ orílẹ̀-èdè wa. Àwọn ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ṣì wà tó jẹ́ pé bí okùn pléètì bá já nìkan ni wọ́n tó lè mọ̀. Bóyá pléètì lẹ̀ tàbí kò lẹ̀, kò kàn wọ́n. Pléètì tí wọ́n ṣe fún aláìsàn kan ṣoṣo, àwọn ibòmíràn á ṣí i, wọ́n á nù ún, wọ́n á fi pílásítà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹlòmíràn. Kì í ṣe ìkà ló ń mú wọn ṣe é. Owó ni, àti pé ọ̀gá tó ń buwọ́ lùwé ohun tí wọ́n máa rà kì í wọ tíátà.

Ẹ jẹ́ ká wo àlàyé àwọn yòókù. Egbò ìdùbúlẹ̀ kì í sábà hàn lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Ọjọ́ kan sí mẹ́ta ló máa ń gbà, ojú egungun ló sì ti máa ń yọ, ní ìdí tàbí gìgísẹ̀, ó máa ń kọ́kọ́ pọ́n tàbí kó dúdú wẹ́lo. Oògùn apakòkòrò tó bá ṣàn lọ dúró sábẹ́ aláìsàn náà lè bó ara, àmọ́ ojú ibi tí omi bá ṣàn dé ni egbò yẹn máa ń tẹ̀ lé, kì í ní etí gígún, kì í sì í sábà jinlẹ̀. Itan tó lẹ́ran, etí tó gún bíi ti rúlà, àárín tó funfun tí kò sì mọ ìrora nítorí pé iṣan tó ń gbé ìrora ti jóná, gbogbo rẹ̀ sì hàn ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an: tí mo bá jẹ́ ẹni tí ń ta tẹ́tẹ́, orí pléètì ni mo máa lé owó mi. Dókítà tó mọ̀ nípa ìjóná ló máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀, kì í ṣe èmi.

Ní ti sípírítì tí ẹ̀gbọ́n yín sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Ó ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, nílé ìwòsàn Floreasca ní Bucharest, olú ìlú Romania, wọ́n fi oògùn apakòkòrò tó ní ọtí nínú nu ara obìnrin ẹni ọdún 66 kan tó ní jẹjẹrẹ, wọ́n sì tan dáyátámì sí i. Obìnrin náà gbiná lórí bẹ́ẹ̀dì. Nǹkan bí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ara rẹ̀ ló jó, ó sì kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìbínú gba gbogbo ìlú. Ohun mẹ́ta ni iná ń fẹ́: ohun tí yóò jó, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, àti ohun tí yóò ṣáná sí i. Tíátà ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́pọ̀ yanturu. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ wa pé kí oògùn ọlọ́tí gbẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó kéré tán, kí wọ́n tó ta aṣọ bo aláìsàn, kí ó sì pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa níbi tí irun bá wà. Pé bí iṣẹ́ bá jẹ́ lójú tàbí lọ́rùn, kí ọ́síjìn tí aláìsàn ń mí má ṣe ju ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lọ bí ara rẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀. Iná ọtí tilẹ̀ máa ń ṣòro rí lábẹ́ gílóòbù tíátà tó mọ́lẹ̀ kedere. Ṣùgbọ́n iná bẹ́ẹ̀ kì í jó ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé kó sì fa ìlà gígún sí i létí. Aṣọ á jó, awọ á jó káàkiri, gbogbo tíátà á sì mọ̀. Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ sípírítì sílẹ̀, nítorí bí ẹ bá kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀sùn tí kò sì rí bẹ́ẹ̀, òun ni wọ́n máa fi ba ọ̀rọ̀ yín jẹ́.

Ta ló wá jẹ̀bi?

Nọ́ọ̀sì ló ń lẹ pléètì lọ́pọ̀ ibi. Oníṣẹ́ abẹ ló ń pàṣẹ bí iná ṣe máa le tó, òun náà ló sì ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó kun aláìsàn lóorun ló ń ṣọ́ ọ́síjìn, ó sì lè ti yí aláìsàn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnjiníà ló yẹ kó máa yẹ ẹ̀rọ wò. Àwọn aláṣẹ ló ń ra pléètì tàbí tí wọn kì í rà á. Ìwé àyẹ̀wò ààbò iṣẹ́ abẹ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde, tó ní ohun 19 tí wọ́n gbọ́dọ̀ kà sókè, béèrè bóyá ẹ̀rọ kan ní ìṣòro, àmọ́ kò dárúkọ pléètì dáyátámì ní tààrà. Bí oníṣẹ́ abẹ bá wá ń tẹ̀ ẹ́ tí kò gé dáadáa, ohun tó máa ń sọ ni pé kí wọ́n fi kún iná. Wọ́n á fi kún un. Ó yẹ kí gbogbo èèyàn dúró níbẹ̀ kí wọ́n wo pléètì, nítorí pé iná tí kò ṣiṣẹ́ bó ti yẹ níwájú lè jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ti há. Tí ẹ bá bi mí, ibi tí ìjóná yìí ti ń wáyé jù nìyẹn, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹnì kan, àárín ọwọ́ méjì ni. Ẹ lè ní mo ń gbè lẹ́yìn àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi. Bóyá. Ṣùgbọ́n mo ti rí i tí wọ́n gbé gbogbo ẹ̀bi lé ọmọ tó kéré jù ní tíátà lórí, nígbà tó jẹ́ pé ó ti béèrè pléètì tuntun tí wọn ò fún un.

Ó dùn mọ́ mi pé òfin kò ní kí ẹ wá ẹni tó lẹ pléètì kí ẹ tó lè pẹjọ́. Agbanisíṣẹ́ ló ń dáhùn fún àìbìkítà òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ìlànà yẹn ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ìgbà ẹjọ́ aláìsàn kan tó ń jẹ́ Cassidy ní 1951, àwọn kóòtù wa sì ń tẹ̀ lé e. Ilé ìwòsàn àti ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ pè. Ohun mẹ́ta lẹ gbọ́dọ̀ fi hàn: pé wọ́n ní ojúṣe sí màmá, pé wọn ò ṣe é bí akẹgbẹ́ wọn tó mọṣẹ́ yóò ti ṣe é, àti pé àìṣe é náà ló fa egbò. Èkínní rọrùn. Ìkejì ni ìjà.

Àwọn agbẹjọ́rò yóò sọ fún yín pé egbò náà ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀: obìnrin wọlé láti yọ ilé ọmọ, itan rẹ̀ jóná, ohun gbogbo wà lọ́wọ́ ilé ìwòsàn, kí wọ́n ṣàlàyé. Ìlànà yẹn wà lóòótọ́. Nínú ẹjọ́ Igbokwe àti UCH Ìbàdàn ní 1961, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì máa ṣọ́, já láti àjà kẹrin, ó sì kú. Adájọ́ ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣàdédé ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá ń ṣọ́ ọ bó ti yẹ, ó sì dá ilé ìwòsàn lẹ́bi. Ẹ má sì jẹ́ kí ìyẹn gbé yín lórí fò. Ní 2006, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ gbọ́ ẹjọ́ Ojo àti Gharoro: abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán ara kán sínú ikùn obìnrin kan nílé ìwòsàn ńlá ní Benin. Ẹnikẹ́ni nínú wa ló máa ní ọ̀rọ̀ ti parí. Obìnrin náà pàdánù. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn jẹ́rìí pé abẹ́rẹ́ lè kán lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ra, obìnrin náà kò sì pe onímọ̀ kankan láti ta kò wọ́n. Mo máa ń ní kí gbogbo ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ mi fi ẹjọ́ yẹn sọ́kàn. Egbò lè sọ̀rọ̀ o, àmọ́ ẹ wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún adájọ́.

Ní ti ìwé tí màmá fọwọ́ sí, ẹ fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Ìyọ̀ǹda iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fọwọ́ sí, pẹ̀lú àwọn ewu tí wọ́n ṣàlàyé fún wọn, bí ẹ̀jẹ̀ àti àkóràn. Wọn ò fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi pléètì gbígbẹ jó àwọn ní itan. Bí a bá tilẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé ìwòsàn kò ní dáhùn fún ohunkóhun, kóòtù kì í ka irú ìlà bẹ́ẹ̀ sí àṣẹ láti ṣe àìbìkítà.

Ọlọ́pàá ńkọ́? Mo bẹ̀ yín, ẹ má lọ. Ọ̀ràn dídá àti àìbìkítà lásán kì í ṣe ọ̀kan náà. Láti Nàìjíríà wa níbí gan-an ni ẹjọ́ tó fìdí èyí múlẹ̀ ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1943: Dókítà Akerele gún àwọn ọmọdé lábẹ́rẹ́ oògùn tó le jù, àwọn kan kú, wọ́n dá a lẹ́bi níbí, Ìgbìmọ̀ Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún wa nígbà náà, sì fagi lé ìdálẹ́bi náà, wọ́n ní àìbìkítà gbọ́dọ̀ burú jáì kó tó di ọ̀ràn. Tí àwọn ọmọ bá lè kú kó má tó bẹ́ẹ̀, egbò itan kò ní tó o. Ohun tí ọlọ́pàá máa ṣe fún yín ni pé fáìlì yóò sọnù.

Fáìlì sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 sọ ọ́ di dandan fún ilé ìwòsàn láti pa àkọsílẹ̀ aláìsàn mọ́, ó sì fún màmá láǹfààní láti fi ẹ̀sùn kan bí wọ́n ti tọ́jú wọn, kí wọ́n sì wádìí rẹ̀. Kí màmá fúnra wọn buwọ́ lu lẹ́tà, lọ́sẹ̀ yìí, sí ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn. Kí ẹ béèrè fún ẹ̀dà ìwé iṣẹ́ abẹ, ìwé ìkunnilóorun, fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda, àti ní pàtàkì jù lọ, ìwé tí nọ́ọ̀sì tíátà kọ lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ ti rí ibi tí wọ́n lẹ pléètì mọ́, bí awọ ibẹ̀ ti rí kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, àti bó ti rí nígbà tí wọ́n ṣí i. Bí ó bá jẹ́ itan ọ̀tún ni wọ́n kọ, ìjà fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Bí àyè ibẹ̀ bá ṣófo, ìyẹn náà jẹ́ ẹ̀rí. Bí wọ́n bá kọ pé awọ rẹ̀ dára nígbà tí wọ́n ṣí i, ẹ wo ọjọ́ àti àwọ̀ yíǹkì dáadáa. Ìwé ìtọ́jú ẹ̀rọ yàtọ̀ sí ti aláìsàn. Nítorí pé ilé iṣẹ́ ìjọba ni, agbẹjọ́rò yín lè fi Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 béèrè fún un, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fèsì. Tó bá hàn pé pléètì tàbí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló lábùkù, ẹni tó tà á yóò wọ inú ẹjọ́ lábẹ́ òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà ti 2018. Kì í wọ́pọ̀.

Ẹ má kọ èébú sínú lẹ́tà náà. Ẹ kàn béèrè. Mo ti rí ilé ìwòsàn tó pe ẹbí jókòó, tó sọ òótọ́, tó gbé ìtọ́jú egbò náà sọ́rùn, tí ọ̀rọ̀ sì parí láìdé kóòtù. Ilé Ẹjọ́ Ìlàjà Èkó tí wọ́n ń pè ní Multi-Door Courthouse wà fún irú èyí láti 2002. Àjọ HEFAMAA tó ń ṣọ́ àwọn ilé ìwòsàn ní Èkó náà lè gba ẹ̀sùn yín, ìgbìmọ̀ tó ń bá dókítà wí sì lè dá ẹni dúró lẹ́nu iṣẹ́ tàbí kó pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú wọn tó ń dá aago oṣù mẹ́ta yẹn dúró. Ẹ lè máa ṣèpàdé ìlàjà lọ́sàn-án, kí agbẹjọ́rò yín sì máa múra ìwé ẹjọ́ lálẹ́. Àwọn ilé ìwòsàn ìjọba kan tún wà tí òfin ní kí ẹ kọ́kọ́ fún ní ìwé ìkìlọ̀ kí ẹ tó pè wọ́n lẹ́jọ́. Ìyẹn náà ń jẹ nínú ọjọ́ yín.

Màmá gan-an ló kù. Egbò iná tó funfun láàárín, tí kò mọ ìrora, tí kò sì jiná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó jinlẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n máa ní láti bu awọ sí i. Kì í ṣe jẹ́ńṣáánì àti gọ́ọ̀sì lójoojúmọ́ ló máa wò ó. Ẹ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú ìjóná, ní ilé ìwòsàn mìíràn tí kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹ ṣàyẹ̀wò ṣúgà wọn. Ẹ ya fọ́tò egbò náà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, kí rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ọjọ́ sì hàn, kí ẹ sì ní kí dókítà kọ ohun tó rí àti ohun tó rò pé ó fà á sínú ìwé, nítorí òun gan-an ló ṣeé ṣe kó di ẹlẹ́rìí yín. Gbogbo rìsíìtì, títí kan ti ọkọ̀, ẹ kó wọn sínú àpò kan.